Nígbà Tí Téèpù Bá Tán: Ìwádìí Ìdí Ọ̀wọ́n Téèpù Nínú Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dàbí èyí tí ó yẹ kí a sọ nínú yàrá ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ téèpù ni. Kì í ṣe téèpù orin ni mo ní lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Téèpù tí àwọn ilé ìfowópamọ́, ilé ìwé gíga, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba ń da àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà wọn kọ sí ni mo ń wí, kí ó lè jẹ́ pé bí ti inú kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, wọn yóò rí ẹ̀dà rẹ̀ gbé jáde. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí òṣìṣẹ́ bá dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí ẹ̀rọ sì wí fún un pé òun kò rí téèpù òfìfo tí òun lè kọ nǹkan sí mọ́, kí ni ó yẹ kí ó ṣe?

1. Àṣìṣe kan

Kí n tó máa kọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, mo wà ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, téèpù tán. Ẹ̀rọ dúró, ọ̀gá ń pariwo, iná mànàmáná sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wo orí pẹpẹ, mo rí téèpù mẹ́fà tí eruku ti bò, tí ọjọ́ tí a kọ sí wọn lára ti lé ní ọdún mẹ́ta. Mo wí nínú ara mi pé ohun tí ó ti pẹ́ tó báyìí, ta ni yóò tún bèèrè rẹ̀? Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ, mo sì ní kí ó kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Iṣẹ́ ọjọ́ náà parí. Ọ̀gá yìn mí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wọ ọkọ̀ láti Challenge wá bèèrè owó tí a yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì kan. A wá a nínú kọ̀ǹpútà, a kò rí i, nítorí a ti kó àkọsílẹ̀ àwọn ọdún wọ̀nyẹn kúrò nínú kọ̀ǹpútà sórí téèpù kí àyè lè gbà wá. Inú àwọn téèpù mẹ́fà náà ni ó wà. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó yọ wá: ó ti di gbogbo ìwé pélébé owó oṣù rẹ̀ sínú agolo Bournvita kan, ó sì gbé e ka orí tábìlì wa. Èmi tí mo ní ẹ̀rọ olówó ńlá kò ní ẹ̀dà. Ẹni tí ó ní agolo ni ó ní in. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ní agolo.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní ọ̀wọ́n téèpù kì í sábà jẹ́ ọ̀wọ́n téèpù. Ọ̀wọ́n ìmọ̀ ni: a kò mọ ohun tí ó wà lórí èwo, a kò sì mọ ìgbà tí ó tọ́ kí a tú èwo sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ fi lélẹ̀ lónìí nìyẹn.

2. Ohun tí téèpù jẹ́

Téèpù jẹ́ ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi lẹ́búlẹ́bú irin pa lára, irú èyí tí òòfà lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí òòfà bá ti yí i náà ni yóò wà títí a ó fi tún yí i padà. Ohun tí ó ń jẹ́ ìrántí téèpù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Jámánì ni Fritz Pfleumer ti ṣe ọ̀já tí a fi lẹ́búlẹ́bú irin pa lára fún gbígba ohùn sílẹ̀ ní 1928. Ní 1952, ilé iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ téèpù jáde fún kọ̀ǹpútà wọn.

Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni a ń pè ní LTO, ó sì jáde ní 2000. Téèpù LTO àkọ́kọ́ ń gba 100 gígábáìtì. Ìran kẹsàn-án rẹ̀, tí ó jáde ní 2021, ń gba 18 tẹ́rábáìtì, èyí tí ó tó ìlọ́po 180 ti àkọ́kọ́. Ọ̀já inú rẹ̀ gùn ju kìlómítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni àpótí tí a ká a sí kò ju ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé lọ.

Àwọn kan ń sọ pé ayé téèpù ti kọjá. Ní Oṣù Kejì 2011, àṣìṣe kan nínú ètò kọ̀ǹpútà Google mú kí lẹ́tà àwọn kan tí ń lo Gmail pòórá. Wọn kò tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà bá ẹ̀dà tí ó wà lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú. Orí téèpù ni a ti rí lẹ́tà wọ̀nyí gbé padà, nítorí pé téèpù tí ó wà lórí pẹpẹ kò ní okùn tí àṣìṣe lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn olè orí ẹ̀rọ tí ń ti àkọsílẹ̀ onílé pa, tí wọ́n sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀: ohun tí kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ ni ọwọ́ wọn kò lè tó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ti orí ẹ̀rọ bá dí, ti orí téèpù yóò ṣí.

3. Bí téèpù ṣe ń lọ tí ó sì ń bọ̀

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pín iṣu rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí yóò jẹ, èyí tí yóò tà, àti èyí tí yóò fi ṣe èèbù. Ìpín mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí téèpù ní pẹ̀lú: ẹ̀dà òòjọ́, ẹ̀dà ọ̀sẹ̀, àti ẹ̀dà oṣù. Olúkúlùkù ni ó ní gbèdéke tirẹ̀. Bí gbèdéke bá pé, téèpù náà di òfìfo, yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní téèpù 80. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, téèpù 1 ni ó ń lò lálaalẹ́ fún ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, a sì ń tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìyẹn téèpù 8. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ sórí téèpù 4. Bí a bá ka oṣù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ̀dà Jímọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀dà ọ̀sẹ̀, a ń tọ́jú wọn fún oṣù kan: ìyẹn téèpù 12. Ẹ̀dà Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù jẹ́ ẹ̀dà oṣù, a ń tọ́jú 12 irú rẹ̀: ìyẹn téèpù 48. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 68. Téèpù 12 ni ó ṣẹ́kù tí ó wà lófìfo, ọkàn gbogbo ènìyàn sì balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá kan tí kò fẹ́ kí ohunkóhun sọnù ní kí a máa tọ́jú ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ títí láé. Ẹnìkan tẹ bọ́tìnì kan, ó ti parí. Kò sí ẹni tí ó tún rántí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, téèpù 12 ni kì í padà lóṣooṣù. Kí oṣù kan tó pé dáadáa, èyí tí ó ṣẹ́kù ti tán, ẹ̀rọ sì ń ké. A sáré lọ ra 24 mìíràn. Wọ́n fún wa ní oṣù méjì péré, igbe sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ra téèpù kò ṣe ohun búburú kankan, ṣùgbọ́n omi ni ó ń pọn sínú agbè tí ó lu.

4. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Igbe ẹ̀rọ ni ẹrù tí ó wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ kò gba ju bébà àti bíírò lọ. Ẹ ka téèpù tí ó wà nílẹ̀ ní ti gidi, lórí pẹpẹ, nínú ẹ̀rọ, àti ní ibi ìpamọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye tí ìwé àkójọ inú kọ̀ǹpútà sọ pé ó wà. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, inú ìyàtọ̀ wọn ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, ìdí tí ẹ ó wá kò ní ṣàì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí.

(a) Gbèdéke tí a kò ronú sí. Irú èyí ni a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn baba wa sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Téèpù pẹ̀lú ní láti gbàgbé kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ohun tí ó yẹ ní gbígbàgbé? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ inú yàrá ẹ̀rọ. Òfin tí ó de àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní 2020, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ẹni ti 2023, ní tirẹ̀, kò fẹ́ kí a tọ́jú àkọsílẹ̀ tí ó kan ara ẹni ju bí ìdí tí a fi gbà á ti béèrè lọ. Òfin kìíní ní kí o má tètè sọ nù. Èkejì ní kí o má fi ṣe ogún ìdílé. Àárín méjèèjì ni gbèdéke wà, àwọn alákòóso ni ó sì yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

(b) Téèpù tí ó lọ tí kò bọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó mọ́gbọ́n dání ń gbé ẹ̀dà lọ sí ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń gbé e lọ kì í sábà gbé ohunkóhun bọ̀. Gbèdéke téèpù ti pé, ìwé àkójọ ti kà á mọ́ òfìfo, síbẹ̀ ó wà nínú àpótí ní òdì kejì ìlú. Ẹ̀rọ kò lè lo ohun tí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ìwé méjì máa bá ọkọ̀ lọ: èyí tí a gbé lọ, àti èyí tí a ó gbé bọ̀.

(d) Téèpù àbọ̀. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, tàbí bí iṣẹ́ bá kùnà, ẹ̀rọ lè ti téèpù tí kò tí ì kún pa, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ohun tí ó tún burú jù ni pé a lè da àkọsílẹ̀ tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ mọ́ èyí tí ó jẹ́ ọdún méje sórí téèpù kan náà. Èyí kékeré ti kú, èyí àgbà kò kú, téèpù kò sì lè padà. Bí irú èyí bá pọ̀, ẹ kó ohun tí ó ṣì wúlò lórí téèpù mẹ́wàá jọ sórí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wò ó bí ó ti wà níbi tuntun, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tú ti àtijọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kí gbèdéke kọ̀ọ̀kan ní téèpù tirẹ̀.

(e) Ẹ̀rọ tí ó dọ̀tí. Nígbà ọyẹ́, eruku ń wọ ibi gbogbo ní Ìbàdàn. Ojú ẹ̀rọ tí eruku bò kò lè kàwé dáadáa; yóò máa dá téèpù tí kò ṣe ohunkóhun lẹ́bi. Mo ti rí téèpù tí a kó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí a kọ “ó ti bàjẹ́” sí, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a fi téèpù ìnuwọ́ nu ojú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ń kọ téèpù púpọ̀, ẹ̀rọ ni kí ẹ fura sí. Bí téèpù kan ṣoṣo bá ni gbogbo ẹ̀rọ ń kọ̀, téèpù ni.

(ẹ) Àkọsílẹ̀ tí ó dàgbà ju aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i ní tòótọ́: téèpù 4 ti Jímọ̀ ti di 6. Ẹ wo ohun tí ó pọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà. Ó sì lè jẹ́ fíìmù àti orin tí àwọn òṣìṣẹ́ kó sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ti àkọ́kọ́ ni kí a ra téèpù fún.

5. Nígbà tí ọ̀wọ́n bá jẹ́ òtítọ́

N kò sọ pé téèpù kì í wọ́n rárá. Ní 11 Oṣù Kẹta 2011, ilẹ̀ mì ní Japan, òkun sì ya wọ ilé iṣẹ́ Sony kan tí ó wà ní agbègbè Sendai. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe irú téèpù fídíò kan tí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ayé gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn oníṣẹ́ fíìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí wá téèpù kiri. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, Sony àti Fujifilm, àwọn méjì tí ń ṣe ọ̀já LTO, wà ní kóòtù nítorí ẹ̀tọ́ àwárí. LTO ìran kẹjọ sì wọ́n gan-an kí wọ́n tó parí ìjà ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ìjà ẹni méjì ní òkè òkun lè fi ọ́fíìsì kan ní Ring Road sílẹ̀ láìní téèpù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: ẹ ṣírò iye tí ẹ ń lò lóṣù, kí ẹ sì bèèrè tuntun nígbà tí ó ṣì ku ti oṣù mẹ́ta nílẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ké.

6. Ohun tí ìkánjú ti jẹ run

Bí ẹ bá rò pé ọ̀dọ́mọdé Dùgbẹ̀ nìkan ni ó ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe, ẹ gbọ́ èyí. Ní Oṣù Keje 1969, nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, a gba àwòrán rẹ̀ sórí téèpù tí ó mọ́ ju ohun tí aráyé rí ní ilé wọn lọ. Nígbà tí a wá téèpù wọ̀nyí, ìròyìn tí NASA gbé jáde ní 2009 sọ pé kò sí àní-àní tí ó pọ̀ pé a ti pa wọ́n rẹ́, a sì ti tún wọn lò ní àsìkò tí téèpù wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ní ẹ̀dà tiwọn ni a ti rí èyí tí a tún ṣe.

Èkejì kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, BBC ní Lọ́ńdọ̀nù pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré wọn rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò, nítorí ó wọ́n, a kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wò wọ́n. Doctor Who wà lára wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti da àwọn kan kọ sórí fíìmù, wọ́n sì ti tà wọ́n fún ilé tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ mìíràn. Láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, irú eré òkè òkun bẹ́ẹ̀ ń wọ ilẹ̀ wa. Ní Oṣù Kẹwàá 2013, BBC kéde pé a ti rí apá 9 tí ó sọnù nínú eré náà. Ní ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos ni àwọn fíìmù náà wà. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù pa rẹ́, Nàìjíríà ni ó bá wọn pa á mọ́, láìmọ̀.

7. Ibi tí ẹ̀dà ń gbé

Ìtàn Jos kọ́ wa pé ẹ̀dà tí ó jìnnà ni ẹ̀dà. Ìlú tiwa náà ti kọ́ wa. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí a parí ní 1965, jóná ní 1985, kò sì tún ṣí títí di 1992. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omi ya wọ ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, ó sì gbé ènìyàn àti ilé lọ. Ní alẹ́ 16 Oṣù Kìíní 2024, ohun ìbúgbàù tí a kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú, ó sì ba ilé jẹ́ lọ jìnnà. Ọ́fíìsì tí ó bá kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti téèpù rẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan náà ti kó méjèèjì lé ewu kan náà lọ́wọ́. Kí ẹ̀dà Dùgbẹ̀ máa gbé ní Bódìjà, kí ti Challenge máa gbé ní Agbowó, ní yàrá tí ó tutù, tí ó gbẹ, tí kò sì sí lẹ́bàá odò.

8. Ìkádìí

Kí ni kí òṣìṣẹ́ náà ṣe ní òwúrọ̀ tí ẹ̀rọ bá ké? Kí ó kọ́kọ́ ka téèpù, kí ó sì fi wé ìwé àkójọ. Kí ó gba àwọn tí gbèdéke wọn ti pé padà láti ibi tí wọ́n wà. Kí ó nu ojú ẹ̀rọ. Kí ó sa àjẹkù àwọn téèpù àbọ̀ jọ. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn alákòóso bóyá gbèdéke tí ó wà nílẹ̀ ni èyí tí wọ́n fẹ́. Bí gbogbo èyí bá kùnà, kí ó ra téèpù. Bí ó bá sì di dandan kí a pa téèpù kan rẹ́ ṣáájú gbèdéke rẹ̀, kí ẹni méjì kà á wò, kí ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ náà buwọ́ lù ú, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí iṣẹ́ alẹ́ kan bá pa jẹ nítorí ìyẹn, kí ó pa jẹ. Iṣẹ́ alẹ́ kan ṣeé tún ṣe ní ọ̀la. Èèbù tí a bá ti sè jẹ kò ṣeé gbìn mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Téèpù tí a kò gbìyànjú láti kà rí kì í ṣe ẹ̀dà, ìrètí lásán ni. Ẹ máa mú ọ̀kan jáde lóṣooṣù, kí ẹ ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó ṣí. Ìyá àgbà ọjọ́sí kò ní ẹ̀rọ, kò sì ní ìwé àkójọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó wà nínú agolo rẹ̀, ó mọ ìdí tí ó fi tọ́jú rẹ̀, nígbà tí a sì bèèrè rẹ̀, ó ṣí i, ó sì kà á fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ wa bá lè mọ téèpù wọn bí ó ti mọ agolo rẹ̀, ọ̀wọ́n téèpù kò ní pọ̀ mọ́.